Pàǹtí ní Ìlú Kánò: Láti Ẹ̀yìn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dé Orí Ààtàn

Kánò, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Kánò ní ìhà àríwá Nàìjíríà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú olódi tí ọjọ́ wọn ti pẹ́ jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn òpìtàn a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlú òwò, ìlú aró, ìlú awọ àti ìlú ẹ̀pà. Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí ìtàn kì í sábà kà sí, èyíinì ni ohun tí ìlú náà ń gbá jáde. Níbo ni wọ́n ń gbé e lọ? Ta ní ń gbé e? Kí ni ó sì mú kí ìlú tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún rí ibi kó ìdọ̀tí rẹ̀ sí di ìlú tí òkìtì pàǹtí ń dí títì àti ojú àgbàrá rẹ̀?

Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé èrò ti pọ̀ jù, àti pé àwọn ará ìlú kò ka ìmọ́tótó sí. Apá kìíní ìdáhùn yìí jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Apá kejì ṣe àìdáa sí àwọn ènìyàn náà. Bí a bá wo ìtàn Kánò dáadáa, a ó rí i pé ìdọ̀tí náà fúnra rẹ̀ ni ó yí padà, àti pé ọ̀nà tí ó ń gbà kúrò nílùú ti dí kí ẹnikẹ́ni tó la òmíràn.

Ìlú inú odi

Kò yẹ kí á rò pé Kánò àtijọ́ mọ́ tónítóní. Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó wọ ìlú náà ní oṣù kìíní ọdún 1824, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àbàtà ńlá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ìlú sí méjì, pé àwọn adágún tí omi wọn kì í ṣàn wà káàkiri níbi tí wọ́n ti wa amọ̀ ìkọ́lé, àti pé gọ́tà ilé ń tú sí ojú òpópónà, òórùn rẹ̀ kò sì ṣeé fara dà. Heinrich Barth, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó dé ní oṣù kejì ọdún 1851, tọ́ka sí adágún Jakara, tí kò jìnnà sí ọjà Kurmi, gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ń da onírúurú ẹ̀gbin sí. Ìlú àwọn òyìnbó pàápàá kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà: ní ọdún 1858, òórùn odò Thames ní London le débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àwọn aṣòfin jáde kúrò nínú ilé ìgbìmọ̀ wọn.

Barth fojú bù ú pé nǹkan bí 30,000 ènìyàn ní ń gbé inú odi, àti pé iye náà a máa tó ìlọ́po méjì nígbà òwò, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin. Odi náà tóbi ju ilé inú rẹ̀ lọ fíìfíì. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n rí i pé ó tó máìlì 11 yí ká, ó sì ní bodè 13, bẹ́ẹ̀ ni ilé kò gbà ju apá kan ilẹ̀ náà lọ. Oko ni ìyókù. Àwọn tí ó mọ odi náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí bí ogun bá dó ti ìlú, ebi kò ní tètè mú àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Fún ọ̀rọ̀ tiwa, ohun tí ó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé oko wà nítòsí ilé gan-an, ibi tí a ti ń gbálẹ̀ kò sì jìnnà sí ibi tí a ti ń gbin nǹkan.

Amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ilé Kánò. Ọdọọdún ni òjò ń fọ̀ ọ́, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un rẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ náà ni Hausa ń pè ní kududdufi, ihò ńlá bí ìkùdù tí ó ń gba omi nígbà òjò. Ẹran ń mu níbẹ̀, àwọn mọlémọlé ń pọn omi níbẹ̀, wọn a sì tún da pàǹtí sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ títí tí yóò fi kún, kí wọ́n tó ṣí òmíràn sí ibòmíràn. Kududdufi nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta yìí: ibi ìwa-amọ̀, agbomi àti ààtàn. Ẹ̀fọn ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀, òórùn sì ń jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń dá omi òjò dúró tí kò fi ń wọlé onílé. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí wọn pa ni ìlú tó mọ iṣẹ́ kẹta yìí.

Ọ̀nà taki

Púpọ̀ nínú ohun tí ìlú ń gbá kì í dúró sínú kududdufi. Ó ń lọ sí oko. Taki ni Hausa ń pè é, èyí tí Yorùbá ń pè ní ajílẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni eérú ìdáná, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn tí wọ́n ń so mọ́lé, ìgbẹ́ ẹṣin láti ilé àwọn ọlọ́lá, èèpo bàbà àti jéró, àti ilẹ̀ gbígbá àgbàlá. Ohun tí wọ́n kó láti inú ṣáláńgá náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi eérú pò ó tí ó sì ti gbẹ. Kò sí gíláàsì nínú rẹ̀, kò sí ike, agolo kò sì tó nǹkan. Gbogbo rẹ̀ ni ilẹ̀ lè jẹ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí ń wáyé, lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ọwọ́ àgbẹ̀ bá dilẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó ń rù ú, nínú àpò ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Láàárọ̀, ẹran náà a gbé igi ìdáná, ọkà tàbí koríko wọ ìlú láti ìgbèríko. Bí ó bá ń padà, a gbé taki. Kì í wọlé lófo, kì í sì í jáde lófo. Igi ìdáná tí ó wọlé ni ó di eérú, eérú náà ni ó tún gba ẹnu bodè kan náà jáde. Wọn a kó o jọ ní òkìtì kéékèèké káàkiri oko, wọn a sì tú u ká kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Láìsí ètò yìí, a kò lè lóye bí Kánò ṣe jẹun. Ilẹ̀ oníyanrìn ni ilẹ̀ àyíká rẹ̀, òjò rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ ni èrò tí ń gbé ìgbèríko rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ agbègbè mìíràn ní ilẹ̀ Áfíríkà lọ. Ẹni tí ó bá dàgbà ní ìlú Yorùbá mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ orí ààtàn a máa tutù yọ̀yọ̀, ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé a sì máa so ju ti oko lọ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Yorùbá ìgbà náà ní igbó. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá ṣá, a fi í sílẹ̀ kí ó di ìgbòrò, a sì lọ ṣán òmíràn. Àgbẹ̀ etí Kánò kò ní igbó tí yóò lọ ṣán. Ilẹ̀ kan náà ni ó ń ro lọ́dọọdún, tí bàbá rẹ̀ ti ro, tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ro. Michael Mortimore, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti ènìyàn tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ahmadu Bello àti Yunifásítì Bayero, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí agbègbè náà láti àwọn ọdún 1960. Ohun tí ó rí yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò: ilẹ̀ náà kò kú bí wọ́n ti ń ro ó láìsinmi. Taki láti ìlú, ìgbẹ́ ẹran tí àgbẹ̀ ń sìn nílé àti ti màlúù àwọn Fúlàní tí ń jẹ pòpórò lẹ́yìn ìkórè ni ó ń dá okun rẹ̀ padà.

Taki kì í ṣe ọ̀fẹ́. Onílé a máa tà á, tàbí kí ó fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọkà tàbí igi. Nítorí náà, ìdọ̀tí ní olówó. Mo rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ gbogbo wà nìyí. Kò sí ìjọba tí ó sanwó fún ẹnikẹ́ni kí ó tó palẹ̀ ìdọ̀tí Kánò mọ́, kò sì sí òfin tí ó fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ ń wá a, onílé kò sì fẹ́ kí ó ṣòfò.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti duba gari

Ní oṣù kejì ọdún 1903, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Kánò. Ọkọ̀ ojú irin dé láti Èkó ní ọdún 1911, ẹ̀pà sì di ọjà tí gbogbo àgbáyé ń wá wá sí Kánò. Ìlú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í hù lẹ́yìn odi: ibùgbé àwọn òyìnbó ní Nassarawa, ilé-iṣẹ́ àwọn oníṣòwò, àti Sabon Gari fún àwọn àlejò láti gúúsù. Yorùbá ti wà ní Kánò kí ọkọ̀ ojú irin tó dé; àdúgbò Ayagi nínú odi jẹ́ tiwọn láti ayé àtijọ́. Sabon Gari ni àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò tí ó dé lẹ́yìn náà ń gbé.

Òfin ìlú tí ìjọba amúnisìn ṣe ní ọdún 1917 pín àwọn ìlú Nàìjíríà sí ìpele mẹ́ta, Èkó nìkan ni ó sì wà ní ìpele kìíní. Ìlànà ìgbà náà tún pàṣẹ pé kí ilẹ̀ òfìfo tí ó tó 440 yáàdì ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọmọ ìbílẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀fọn kò lè fò kọjá bẹ́ẹ̀. Ìmọ́tótó di ọ̀rọ̀ ààlà láàárín ènìyàn àti ènìyàn. Ní apá ibi tí ìjọba ń bójú tó, àwọn lébìrà ń kó pàǹtí, àwọn agbépòó sì ń gbé korobá ṣáláńgá lóru. Nínú odi, lábẹ́ ìjọba ọba, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wọlé yẹ ìkòkò omi àti àgbàlá wò ni Yorùbá ń pè ní wolé-wolé. Hausa ń pè wọ́n ní duba gari, èyíinì ni ẹni tí ń wo ìlú. Iṣẹ́ wọn wúlò púpọ̀, ó sì gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé lọ́wọ́ kò mọ ìdọ̀tí sí nǹkan mìíràn ju ìdí àrùn lọ, ohun tí a gbọ́dọ̀ kó jìnnà, kí á sun tàbí kí á rì mọ́lẹ̀. Ìwé òfin kò ní àyè fún ìdọ̀tí tí ó jẹ́ ọjà.

Owó epo, ajílẹ̀ òyìnbó àti ọ̀rá

Fún ìgbà pípẹ́, àyípadà náà kò hàn, nítorí Kánò kò tíì tóbi kọjá agbára kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ètò ìkànìyàn ọdún 1952 rí nǹkan bí 130,000 ènìyàn ní ìlú náà. Ti ọdún 1963 rí nǹkan bí 295,000. Ní ọdún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ tí ó para pọ̀ di Kánò ńlá ní ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 2.8. Láàárín àkókò yìí, Kánò di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní ọdún 1967, owó epo rọ̀bì wọlé ní àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ sì kún Bompai, Sharada àti Challawa. Ohun mẹ́ta ṣẹlẹ̀ ní àsìkò kan náà, ó sì ṣòro láti yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Èkíní ni pé oko kúrò nítòsí. Ilé kún inú odi, ó sì bo àwọn oko tí ìlú ń jẹ lára wọn nígbà ogun. Ilé tún tú jáde sí gbogbo ọ̀nà tí ó kúrò ní bodè. Símẹ́ńtì gba ipò amọ̀, kò sì sí ẹni tí ó tún ń gbẹ́ kududdufi tuntun. Àwọn ti àtijọ́ di ilẹ̀ tí ó ní iye owó: wọ́n da pàǹtí sí i títí tí ó fi kún, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tà á, wọ́n kọ́lé lé e lórí. Ẹni tí ó ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́lé sórí ààtàn, ó sì tún gba ibi tí omi òjò máa ń lọ sinmi mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èkejì ni ajílẹ̀ òyìnbó. Láti àárín àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ gba ríra àti pínpín rẹ̀ sọ́wọ́, ó sì ń san púpọ̀ nínú owó rẹ̀ fún àgbẹ̀. Àpò kan nínú rẹ̀ fúyẹ́, kò ní òórùn, ipá rẹ̀ sì ń tètè hàn lára ọkà. Kí ni àgbẹ̀ fẹ́ tún máa fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rin máìlì méje ṣe nítorí eérú? Taki kò di ohun ìgbàgbé, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wá a dín kù ní ìgbà kan náà gan-an tí ohun tí ìlú ń gbá ń di ìlọ́po mẹ́wàá.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ gbígbá. Agolo, ìgò, bátìrì, àti lẹ́yìn náà ike àti ọ̀rá, wọ inú eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́. Hausa ń pe ọ̀rá ní leda. Nígbà tí omi inú ọ̀rá, tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní piọ wọ́tà, gba ìgboro ní àwọn ọdún 1990, kò sí ojú ọ̀nà tí kò bo mọ́. Ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ lónìí yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ ẹni tí ó jù ú bá ti di àgbà. Ilẹ̀ kò lè jẹ ẹ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò sì rí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ òun.

Ìgbà tí ọrọ̀ ajé dojú rú ni ọ̀rọ̀ náà tún yí bìrí. Láti ọdún 1986 tí ìjọba ológun ti bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, owó ìrànwọ́ lórí ajílẹ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ní ọdún 1997, ìjọba àpapọ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀ fún ìgbà kan. Ajílẹ̀ wọ́n ju agbára àgbẹ̀ kékeré lọ, àgbẹ̀ sì padà sí ààtàn. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí ní etí Kánò ní àwọn ọdún 1990 rí i pé àgbẹ̀ ń ra pàǹtí ìlú lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ típà, wọ́n sì ń ja gbogbo rẹ̀ sí ojú oko. Ṣùgbọ́n kì í ṣe taki àwọn bàbá wọn ni wọ́n ń rà. Wọ́n ní láti ṣa ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀, tàbí kí wọ́n sun ún kí ọ̀rá lè jó tán kí eérú sì ṣẹ́kù. Èéfín náà kò dára fún ẹni tí ń fà á símú. Ìgò fífọ́ ń gé ẹsẹ̀ àti ọwọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ́. Òjé inú bátìrì kì í jó, kì í sì í jẹrà. Ó dúró sínú ilẹ̀, ọkà sì ń hù lé e lórí.

Ti omi burú ju ti ilẹ̀ lọ. Odò Jakara, tí ó ń ṣàn gba àárín ìlú kọjá, di ojú àgbàrá fún ìdọ̀tí ilé, ọjà àti ilé-iṣẹ́. Omi yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ etídò fi ń bomi rin ẹ̀fọ́, letíùsì àti àlùbọ́sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí kò sí omi mìíràn nítòsí, ọjà sì ń dúró dè wọ́n. Ìwádìí léraléra ti fi hàn pé irin olóró wà nínú omi àti ẹ̀fọ́ náà. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣe aláìmọ̀kan. Wọ́n mọ àwọ̀ omi náà, wọ́n sì mọ òórùn rẹ̀. Ohun tí ìlú dà nù ń padà wọ ìlú nínú agbọ̀n ẹ̀fọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti ìgbà pípẹ́, àfi pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti yàtọ̀.

Ta ni ó ni iṣẹ́ náà?

Àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ ní ọdún 1976 àti ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1979 fi palíkó ìdọ̀tí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé òfin ọdún 1999 tún un sọ. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ tí kò rí owó ra ọkọ̀ akẹ́rù, tí agbègbè rẹ̀ kò sì ju apá kan ìlú kan náà lọ, kò lè dá ìdọ̀tí Kánò kó. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń dá àjọ sílẹ̀ láti ṣe é. Ní ọdún 1990, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún ètò àti ààbò àyíká. Ní ọdún 2003, wọ́n dá REMASAB sílẹ̀, àjọ tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kíkó pàǹtí àti ìmọ́tótó nìkan. Ẹni tí òfin fún ní iṣẹ́ kò ní irinṣẹ́, ẹni tí ó ní irinṣẹ́ kì í ṣe òun ni òfin dárúkọ. Ará ìlú tí òkìtì ga níwájú ilé rẹ̀ kò mọ ẹni tí yóò ké sí nínú àwọn méjèèjì.

Ìjọba àpapọ̀ náà dá sí i, ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1985, ìjọba ológun ti Muhammadu Buhari sọ ìmọ́tótó àyíká di ìpele karùn-ún nínú Ogun Lòdì sí Ìwà Àìníjàánu. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí wọ́n fi gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Sátidé ìmọ́tótó oṣooṣù kò bá a lọ. Gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀ ọ́n: ilé títì, ọ̀nà dá, ọlọ́pàá ní oríta, títí di agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ní Èkó, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a lẹ́jọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 pé kò sí òfin tí ó fi àyè gba dídá ènìyàn lọ́nà bẹ́ẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì fòpin sí i. Ní Kánò, ó ń bá a lọ. Ẹni tí ó bá ti wo iṣẹ́ Sátidé náà rí mọ ibi tí ó kù sí: gbogbo ilé a kó ẹrẹ̀ gọ́tà jáde sí etí gọ́tà, ọkọ̀ tí yóò wá gbé e kì í sì í tètè dé, òjò tí ó bá kọ́kọ́ rọ̀ a tún gbá a padà sínú gọ́tà.

Òfin ńlá tí ó dá àjọ àpapọ̀ fún ààbò àyíká sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1988 kò tilẹ̀ ti ara pàǹtí ìlú wá. Ìdọ̀tí àjèjì ni ó bí i: ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ohun olóró tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó láti Ítálì wá dà sí Koko, ìlú kékeré kan tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà. Orílẹ̀-èdè bínú, ó sì tọ́ kí ó bínú. Wọ́n kó o padà. Èyí tí a fi ọwọ́ ara wa dà sí ẹ̀yìn ilé kò ru irú ìbínú bẹ́ẹ̀ sókè rí.

Nínú ilé, ọwọ́ àwọn ọmọdé ni iṣẹ́ náà wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé inú odi, ìyàwó ilé kì í jáde lójú ọ̀sán gẹ́gẹ́ bí àṣà kulle, ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ ni ó ń ru abọ́ pàǹtí lọ sí ibi tí wọ́n ń dà á sí. Bí àgbá irin tí ìjọba gbé síbẹ̀ bá ga ju orí rẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò dà á sí. Mélòó nínú àwọn tí ń ra àgbá ni ó bi ara wọn léèrè bí ẹni tí yóò lò ó ti ga tó?

Ẹgbẹ́ kan ṣì wà tí ó rí owó nínú ìdọ̀tí. Bola ni Hausa ń pe ààtàn, baban bola sì ni ẹni tí ń ṣa irin, ike, ìgò àti páálí níbẹ̀ láti tà. Àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn mọ̀ wọ́n dáadáa, pẹ̀lú ọmọlanke wọn àti irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń tú ilẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣà ń lọ sí ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ irin àti ike. Kò sí àjọ ìjọba kankan tí ó kà wọ́n mọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn ni ó jọ ti onítaki àtijọ́ jù lọ: wọ́n ń gbé ìdọ̀tí nítorí pé ẹnì kan yóò rà á. Àwọn ni wọ́n yọ irin kúrò lórí ààtàn Kánò tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti rí agolo níbẹ̀. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ti dọ̀tí ni wọ́n fi sílẹ̀, nítorí owó rẹ̀ kò tó agbára tí yóò gbà láti fọ̀ ọ́.

Ọ̀rá yìí ni ó ń pàdé omi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, àgbàrá òjò ya wọ Kantin Kwari, ọjà aṣọ tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Niger, Chad àti Kamẹrúùnù. Ọ̀pọ̀ ìtì aṣọ rì, ilé wó, àwọn oníṣòwò sì pàdánù owó ọdún púpọ̀ láàárín ọ̀sán kan. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ojú àgbàrá, pàǹtí sì ti dí èyí tí ó ṣẹ́kù. Ìlú tí ó ti ní àìmọye kududdufi láti gba omi rẹ̀ dúró kò ní ibi tí yóò darí rẹ̀ sí mọ́.

Ìjọba ti ya ààtàn ńlá sọ́tọ̀ ní etí ìlú nígbà kan. Ilé ti yí wọn ká báyìí, àwọn tí ó kọ́lé síbẹ̀ sì ń kérora nítorí èéfín. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò tán lójú ọ̀nà ìgbèríko, ṣùgbọ́n típà ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, bí ènìyàn bá gba ọ̀nà ọkọ̀ jáde kúrò ní Kánò, yóò rí òkìtì dúdú kéékèèké káàkiri oko tí a ti kórè, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ńlá àwọn àgbẹ̀ náà ti máa ń kó o jọ. Ní ẹ̀gbẹ́ oko, òkìtì kejì wà, ti ọ̀rá tí wọ́n ṣà sọ́tọ̀, tí ọyẹ́ ń fẹ́ sára igi àti ọgbà oko ẹlòmíràn.